Olè wọlé Tony Martin, Martin yìnbọn: ẹjọ́ tó jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ la máa ń sọ

Bí ọ̀rọ̀ olè bá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa tí à ń gbé ìlú ọba níbí, bóyá níbi tí wọ́n ti ń gẹrun ni o àbí níbi ìkómọ, kò ní pẹ́ tẹ́nì kan á fi sọ pé ṣebí ìlú yìí náà ni wọ́n ti sọ bàbá àgbẹ̀ kan sẹ́wọ̀n gbére torí pé ó yìnbọn lu olè tó wá ká a mọ́lé. Gbogbo ilé á hó yèè. Wọ́n á ní olè lẹ́tọ̀ọ́ ju onílé lọ níbí. Èmi náà ti pariwo bẹ́ẹ̀ rí, mi ò ní purọ́, àfìgbà tí mo jókòó ka ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ẹ̀ fúnra mi, torí mo fẹ́ fi pa ẹnì kan lẹ́nu mọ́ nínú àríyànjiyàn. Èmi ni ó pa lẹ́nu mọ́. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ohun tá a sì ti ń ṣe sí ẹjọ́ yìí láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọkùnrin náà. Tony Martin lorúkọ ẹ̀, àgbẹ̀ ni, ẹni ọdún 54 lọ́dún tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀, kò níyàwó, ó ń dá gbé nínú ilé oko kan tó jogún, Bleak House ni wọ́n ń pè é, ní Emneth Hungate ní Norfolk, ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba apá ibẹ̀ kọjá á mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, oko ni lọ́tùn-ún lósì, ilé kan síbí, òmíràn di ọ̀ọ́kán, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ó ṣú pátápátá nìyẹn. Bó o bá pe ọlọ́pàá lóru níbẹ̀, wọ́n máa dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí wọ́n bá dé.

Martin ní olè ti wọlé òun tó ìgbà 10, pé ẹrù tí wọ́n ti kó lọ tó £6,000. Àwọn àgbẹ̀ tó kù ládùúgbò náà ń ráhùn, kì í ṣe òun nìkan. Ó ní ajá Rottweiler mẹ́ta. Ó máa ń sùn pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn àti bàtà lẹ́sẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ sórí èyí, ọkùnrin tó ń sùn nínú ilé ara ẹ̀ bí ẹni tó wà lójú ogun, tí bàtà ò kúrò lẹ́sẹ̀ ẹ̀. A ó padà síbẹ̀.

Ó wá ku ìbọn. Àwọn kan rò pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà kẹ́nikẹ́ni nìbọn rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àgbẹ̀ ń nìbọn, ọdẹ ń nìbọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti ń gba láísẹ́ńsì ẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n tì pa ló sì gbọ́dọ̀ máa wà. Ìbọn ìléwọ́, ìyẹn pístù, ni wọ́n fòfin dè fún gbogbo ará ìlú lọ́dún 1997, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Dunblane, ní Scotland, lóṣù kẹta ọdún 1996, tó pa ọmọdé 16 àti tíṣà wọn. Ìbọn gígùn tàwọn àgbẹ̀ ṣì wà ní tiẹ̀. Tó bá jẹ́ pump-action, ìyẹn ìbọn gígùn tí wọ́n ń fọwọ́ fà sẹ́yìn-sọ́wájú kí ọta míì lè wọlé, tó ń gba ju ọta méjì lọ nínú ikùn ẹ̀, òfin ti mú un kúrò lára ìbọn oko lásán látọdún 1988, láísẹ́ńsì tó le ju tàtẹ̀yìnwá lọ ló nílò, wàá sì sọ ìdí tó o fi fẹ́ ẹ. Tó o bá lọ sọ pé o fẹ́ fi máa ṣọ́ ilé ẹ lọ́wọ́ olè, wọn ò ní fún ẹ. Ìdí yẹn kì í wọlé sí wọn létí.

Martin ní láísẹ́ńsì tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1994 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó bá ẹnì kan tó wá ń já èso ápù nínú oko ẹ̀, inú bí i, ó yìnbọn sí ẹ̀yìn mọ́tò ẹni náà, ó lu ú. Nítorí ápù o! Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ọlọ́pàá gba ìwé ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì yẹ kọ́rọ̀ ìbọn parí síbẹ̀. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí olè dé, pump-action Winchester wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò ní láísẹ́ńsì kankan, irú èyí tí kò tiẹ̀ tíì lè gbà nígbà tí ìwé ẹ̀ ṣì pé.

Ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ọdún 1999, lóru. Èèyàn mẹ́ta ló gbéra láti Newark, ní Nottinghamshire, ibẹ̀ sí Emneth Hungate sì tó bíi máìlì 70. Ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 33, òun ló wakọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 29. Ẹnì kẹta jẹ́ ọmọ ọdún 16. Mi ò ní dárúkọ wọn níbí, ẹni tó bá fẹ́ á rí i. Àwọn èèyàn yìí ò ṣìnà débẹ̀ o, wọ́n wá jalè ni, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ inú àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi omi ojú bò yín lójú lórí ìyẹn. Méjì wọlé, ẹni ọdún 29 àtọmọ kékeré náà. Inú ilé ṣókùnkùn. Tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹjọ́ dá lé, òun náà sì lẹ́nikẹ́ni ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Martin ní òkè lòun wà, òun gbọ́ ìró, òun mú ìbọn, òun ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, iná tọ́ọ̀ṣì kọ mànà sí òun lójú, ẹ̀rù bà òun, òun yìn ín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yìn ín. Ìjọba ní rárá, pé ó ti wà nísàlẹ̀, pé ó ti ń dúró dè wọ́n nínú òkùnkùn, pé ó yìn ín lù wọ́n nígbà tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n á gbà sá lọ. Àwọn méjèèjì gba ojú fèrèsé jáde, wọ́n fa férémù ẹ̀ tu níbi tí wọ́n ti ń sá. Ọta ba ẹni ọdún 29 lẹ́sẹ̀. Ó wọ́, ó fà, títí ó fi dé ilé kan nítòsí, àwọn ará ibẹ̀ ló pe ọlọ́pàá. Ọmọ ọdún 16 náà, ẹ̀yìn ni ọta ti wọlé sí i lára. Kò lọ jìnnà. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú ẹ̀ nínú ọgbà. Ẹnì kejì ẹ̀ sọ ní kóòtù pé ó ń ké pe ìyá ẹ̀.

Martin ńkọ́? Kò pe ọlọ́pàá. Kò pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó bọ́ sínú mọ́tò, ó gbé ìbọn lọ sílé ìyá ẹ̀ ní Wisbech, ó fi í síbẹ̀, ó lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ mú un láàárọ̀.

Ó dáa. Kí ni òfin wí? Ibí yìí ni kẹ́ ẹ farabalẹ̀ sí, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ìbéèrè tí kóòtù ń bi onílé ni pé "ilé ta ni?" Bílé bá ti jẹ́ tiẹ̀, tí olè ò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ó parí. Kóòtù ò bi í bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1967, abala kẹta, ní èèyàn lè lo agbára tó mọ níwọ̀n láti fi dènà ìwà ọ̀daràn, àwọn adájọ́ sì ti ń sọ tipẹ́, pàápàá nínú ẹjọ́ Palmer lọ́dún 1971, pé ẹni tí wọ́n kọlù ò lè máa fi òṣùwọ̀n wọn agbára tó fẹ́ fi gbara ẹ̀ sílẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ti ọkàn ẹ̀ wá lójú ẹsẹ̀ ló ṣe, ìyẹn gbè é púpọ̀. Nítorí náà ìbéèrè méjì ló wà. Èkíní, ṣé lóòótọ́ lo rò pé ewu wà lórí ẹ̀mí ẹ ní ìṣẹ́jú yẹn? Tó o bá tiẹ̀ ṣì í rò, tó o rò pé ìbọn ló wà lọ́wọ́ olè àṣé tọ́ọ̀ṣì ni, òfin á fojú ohun tó o rò wò ẹ́. Ìkejì, bó bá jẹ́ bó o ṣe rò ó náà ló rí, ṣé ohun tó o ṣe mọ níwọ̀n?

Ìwọ̀n yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ẹrù.

Ẹ wá fi sórí Martin. Tó bá jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ló wà, tí ọkùnrin méjì ń bọ̀ sókè wá bá a nínú òkùnkùn, tí tọ́ọ̀ṣì ń fọ́ ọ lójú, tí kò sẹ́nì kankan nílé ju òun lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wọn ì bá tú u sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ni wọ́n ti tú sílẹ̀ lórí ohun tí kò tó ìyẹn. Tó bá sì jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wà, tó dúró dè wọ́n, tí wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí i, tí wọ́n ń fa fèrèsé tu kí wọ́n lè jáde, ewu wo ló kù? Ẹni tó ń sá lọ, kí ló fẹ́ fi ẹ̀yìn ṣe ẹ́?

Kò sẹ́lòmíì tó rí i àfi àwọn mẹ́ta tó wà ńbẹ̀. Ọ̀kan ti kú, ọ̀kan jẹ́ olè tí kò ní sọ ohun tó máa ta bá a, ẹ̀kẹta ni Martin. Júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú 12 tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n sì ń sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi, ní láti yan ẹni tí wọ́n máa gbà gbọ́. Nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ rí gan-an nìyí: ìṣẹ́jú kan péré ni ẹjọ́ dá lé, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ tí júrì lè fi wo ìṣẹ́jú náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni àtohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ìbọn tí kò ní ìwé. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ káàkiri nípa ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí àwọn olè, tí wọ́n mú àwọn ará àdúgbò wá jẹ́rìí sí ní kóòtù. Ìbọn tó gbé lọ sílé ìyá ẹ̀ dípò kó tẹ 999 pe ọlọ́pàá. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀tọ́ òun lòun ṣe, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbé ìbọn sá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ìjayà ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe, èmi náà rò ó, ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò àwọn 12 tó jókòó ní Norwich lóṣù kẹrin ọdún 2000.

Mẹ́wàá nínú wọn ní ó jẹ̀bi ìpànìyàn. Méjì kọ̀. Lórí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpànìyàn ní ìyà kan ṣoṣo, ẹ̀wọ̀n gbére, adájọ́ ò lè dín in kù bó ti wù kó ṣàánú ẹ tó. Wọ́n fi ọdún 10 kún un fún ẹni tó ṣe léṣe, wọ́n tún fi oṣù 12 sí i lórí ìbọn tí kò ní ìwé. Ìlú dàrú. Ìwé ìròyìn pariwo, àwọn àgbẹ̀ bínú, àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe kámpéènì. Ibẹ̀ ni ìdajì ìtàn tí à ń sọ ní ilé ìgẹrun ti dúró.

Ìdajì kejì ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 2001, ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, níwájú Lord Woolf tó jẹ́ olórí adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, pẹ̀lú adájọ́ méjì míì. Àwọn lọ́yà tuntun Martin gbé nǹkan méjì wá. Àkọ́kọ́, ẹ̀rí tuntun lórí ibi tí wọ́n ti yìnbọn, láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ló wà lóòótọ́. Àwọn adájọ́ ní ìyẹn ò yí nǹkan kan padà, pé júrì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀, wọn ò gbà á gbọ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Èkejì ni ọ̀rọ̀ dókítà. Àwọn dókítà ọpọlọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó ní àìsàn kan tó ń mú kéèyàn máa fura sí gbogbo ayé, tó ń rí ewu níbi tí ẹlòmíì ò ti ní rí i, ìbànújẹ́ ọkàn tún wà lórí ẹ̀. Ẹ rántí bàtà tó ń wọ̀ sùn.

Ọ̀rọ̀ wá di méjì. Ṣé ẹ̀rù tó ń ba aláìsàn lè wọnú ìwọ̀n tá à ń sọ yẹn? Ká ní ọkàn ẹ̀ ń sọ fún un pé àwọn méjì wọ̀nyí máa pa á, tó sì jẹ́ pé àìsàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣé a lè ní ohun tó ṣe mọ níwọ̀n lójú tiẹ̀? Lord Woolf ní rárá, yàtọ̀ sí bí nǹkan bá ṣàjèjì gidi gan-an. Wọ́n lè wo bí ara èèyàn ṣe rí, bóyá ó kéré, bóyá ó darúgbó, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà ti gbogbo ènìyàn ni, kì í ṣe ti ọpọlọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ òfin ọdún 1957 lórí ìpànìyàn ní ìlẹ̀kùn míì: bí àìsàn ọpọlọ bá dín agbára tí èèyàn ní lórí ìwà ara ẹ̀ kù gan-an, wọn ò ní pè é ní ìpànìyàn tó le jù yẹn mọ́, wọ́n á sọ ọ́ di manslaughter, adájọ́ á wá lè yan iye ọdún tó bá yẹ. Ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn ni Martin gbà jáde. Wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n fún un lọ́dún 5, wọ́n sọ ọdún 10 tẹni tó ṣe léṣe di 3, kí wọ́n jọ máa lọ pọ̀.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀. Ṣé ẹ rí i, kóòtù ò sọ fún un rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé ó gbèjà ilé ẹ̀. Àwọn tó ń gbé àwòrán ẹ̀ kiri pé akọni onílé ni, kì í ṣe ìyẹn ló dín ọdún ẹ̀ kù. Ohun tó dín in kù ni pé ara ẹ̀ ò yá. Ó sì ń dùn mí díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń dun ẹlòmíì, pé ẹ̀rù tó bà á yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtítọ́ pátápátá nínú ọkàn ẹ̀, kódà ó ti jù, òfin sì ní nítorí pé ó ti jù yẹn gan-an lòun ò ṣe lè kà á mọ́ ìgbèjà ara ẹni. Mo lóye ìdí ẹ̀ o. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rù olúkúlùkù máa ṣe òṣùwọ̀n ara ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó fura jù ládùúgbò ló ní àṣẹ jù láti yìnbọn, ẹni aláwọ̀ dúdú tó bá sì ṣìlẹ̀kùn kàn ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lálẹ́, ó gbé. Àwa tí à ń pariwo "kó yìn ín lù wọ́n" ní ìlú yìí, kó tó di pé a tún pariwo, ẹ jẹ́ ká rò ó lẹ́ẹ̀mejì pé ta ni ẹlòmíì máa kọ́kọ́ rí bí olè nínú òkùnkùn.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti ń wá. A dàgbà nílé níbi tí ọdẹ àdúgbò ti ń gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká, tó ń fi irin lu òpó iná ní agogo méjì òru, tí wọ́n bá sì ké "olè!" gbogbo àdúgbò á tú jáde. A ti rí táyà lọ́rùn èèyàn. Nítorí náà olè tí wọ́n bá lé kúrò láàyè, lójú wa, orí ẹ̀ ló bá a ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin ilé náà ò sọ ohun tá a rò pé ó sọ. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, abala 282, gbà kí onílé lo agbára tó gbà gbọ́, lórí ìdí tó bọ́gbọ́n mu, pé òun nílò láti fi dá ẹni tó fẹ́ jálẹ̀kùn wọlé wá hùwà ọ̀daràn dúró. Dá dúró lọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀. Ti ẹni tó ti kẹ́yìn sílé tó ń sá lọ kọ́. Kódà ìbọn, lára èyí tí òfin ìbọn Nàìjíríà gbà kí ará ìlú gba láísẹ́ńsì fún ni ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń fọwọ́ ki, àti ìbọn ọlọ́ta kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ kankan tí ń ki ọta. Pump-action ò sí níbẹ̀. Ìbọn kan náà tó kó bá Martin ní Norfolk ni àwọn alhaji àti ọ̀gá kan ń tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, tí wọ́n á ní "ti ààbò ni."

Ṣé wọ́n fìyà jẹ àwọn olè náà? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Ẹni tó wọlé gba ẹ̀wọ̀n ọdún 3, ẹni tó wakọ̀ náà lọ sẹ́wọ̀n. Ohun tó wá bí ìlú nínú ni pé ẹni tí ọta bà lẹ́sẹ̀ wá gbé Martin lọ sí kóòtù, ó ń bèèrè owó gbà-má-bínú tó tó bíi £15,000, owó ìjọba ni wọ́n sì fi ń ràn án lọ́wọ́ láti gba lọ́yà. Ìwé ìròyìn kan ya fọ́tò ẹ̀ níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ fàlàlà. Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, ó jáwọ́. Bẹ́ ẹ bá bi mí, ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti bá àwọn ará ilé ìgẹrun gbà tán. Ojú ò tì í ni.

Lóṣù kìíní ọdún 2003, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ẹlẹ́wọ̀n wò bóyá wọ́n lè tètè tú u sílẹ̀ kọ ti Martin. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ẹlẹ́wọ̀n ní ewu wà pé bí olè míì bá dé, ó tún lè ṣe ohun tó ṣe. Kò kábàámọ̀, kò sì fi bò. Àwọn kan ní ìwà akọ nìyẹn, pé kò parọ́ nítorí kó lè jáde. Ọmọ ọdún 16 ló kú o. Mo lè gbà pé ẹ̀rù bà ọ́, mo lè gbà pé o ò mọ̀ pé ọmọdé ni nínú òkùnkùn, ta ni á mọ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tílẹ̀ mọ́, tí wọ́n sọ ọjọ́ orí ẹ̀ fún ẹ, tó o gbọ́ pé ó ń ké pe ìyá ẹ̀, kéèyàn kàn sọ pé "ó dùn mí" lásán, ìyẹn ò gba ilé lọ́wọ́ ẹ. Èmi ò lè fi òfin dá a lẹ́bi lórí ìyẹn, òfin ò sì bèèrè ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí kóòtù ń wò, ọ̀tọ̀ lohun tí àgbà ń wò. Wọ́n tú u sílẹ̀ lóṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo èèyàn ní kí wọ́n yí òfin padà. Lọ́dún 2005 àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wo ìwé wọn, wọ́n ní láàárín ọdún 15 sẹ́yìn, ẹjọ́ 11 péré làwọn rí tí wọ́n ti pe èèyàn lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣe sí ẹni tó wọlé tàbí wọ ilẹ̀ ẹ̀, méje nínú wọn ló jẹ́ ti ilé gbígbé. Mọ́kànlá, ní odidi ọdún 15! Ọ̀kan nínú wọn ni ti ọkùnrin kan ní Cheshire tó lúgọ de olè, tó mú un, tó lù ú, tó sọ ọ́ sínú kòtò, tó sì dáná sun ún. Irú èyí ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ìyá àgbà tó fi fíráì páànù fọ́ orí olè ní kíṣìnnì.

Síbẹ̀ òfin yí. Lọ́dún 2008 wọ́n kọ ohun tí àwọn adájọ́ ti ń sọ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ní abala 76 òfin tuntun kan. Lọ́dún 2013 wọ́n fi ti onílé kún un ní pàtó: bí o bá wà nínú ilé, tó o rò pé ẹni tó wọlé ò ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, kódà bí agbára tó o lò bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, o ṣì lè mórí bọ́, àfi tó bá kọjá ààlà pátápátá gbáà. Àwọn olóṣèlú na ọwọ́ sókè pé àwọn ti ṣe é fún onílé. Lọ́dún 2016 ni kóòtù gíga wá ṣàlàyé ẹ̀ pé ẹ má sáré o, kì í ṣe pé ohunkóhun tí kò bá ti kọjá ààlà gbáà ti di ẹ̀tọ́, júrì ṣì máa bi í pé, ní gbogbo bó ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣé ó mọ níwọ̀n? A padà síbi tá a ti ń bọ̀.

Wọ́n máa ń bi mí pé bí òfin 2013 bá ti wà lọ́dún 1999, ṣé Martin ì bá lọ sẹ́wọ̀n? Èrò tèmi ni pé ó ṣeé ṣe dáadáa kó ṣì lọ. Òfin tuntun náà ń gba ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n Martin ò pàdánù lórí àṣejù nìkan, ó pàdánù torí pé júrì mẹ́wàá ò gbà pé ìgbèjà ara ẹ̀ ló ń ṣe lálẹ́ yẹn rárá. Kò sí òfin tó lè tún ìyẹn ṣe. Ìgbà tó ti pa ìbọn tí kò ní ìwé mọ́ sílé, tó ti ń sọ ohun tó ń sọ kiri, ni ẹjọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn olè náà ò tíì gbéra ní Newark. Oṣù 12 tí wọ́n fún un lórí ìbọn nìkan, òun ò ní ibi tó máa sá gbà nídìí ìyẹn, ì báà jẹ́ pé orí àtẹ̀gùn ló wà tàbí inú iyàrá.

Ẹni tó bá sì wà ní Amẹ́ríkà tó ń ka èyí, kó má rò pé ti ìlú ọba nìkan ni. Òfin ibẹ̀ gba onílé láyè ju tibí lọ fíìfíì ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, wọn ò ní ní kó o sá lọ nínú ilé ara ẹ, ṣùgbọ́n ìbéèrè ẹ̀yìn àti iwájú yẹn wà níbẹ̀ náà, júrì níbẹ̀ náà ti rán onílé lẹ́wọ̀n rí torí pé ó lúgọ deni tàbí pé ó yìnbọn gba ojú ìlẹ̀kùn láìmọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Tony Martin kú lóṣù kejì ọdún 2025, ó jẹ́ ẹni ọdún 80. Látìgbà tó ti kúrò lẹ́wọ̀n, kò padà gbé inú Bleak House mọ́.